Agbòòrùn Ọgbà Nimotallahi

Ibi tí Nimotallahi ti ń ta oúnjẹ ní Adégbayì wà níbi tí ilẹ̀ ti gòkè díẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà Ifẹ̀. Kò sí ilé kankan lápá ìlà-oòrùn rẹ̀, àfi oko gbágùúdá ẹnìkan, àti pápá gbalasa kan tí wọ́n ti pín sí púlọ́ọ̀tì tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́lé sí. Nítorí náà ni ibẹ̀ ṣe máa ń tutù lọ́sàn-án, tí àwọn èèyàn sì fẹ́ràn láti jókòó síbẹ̀. Ìdí kan náà yìí ni atẹ́gùn ṣe máa ń wọ inú ọgbà náà tààrà láìsí ohun tó ń dá a dúró.

Olùkọ́ ni Nimotallahi tẹ́lẹ̀. Ó kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní oúnjẹ sísè fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ọkọ rẹ̀, Ògúnlọlá, ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ilé olórìṣà ni wọ́n ti bí Ògúnlọlá ní Ẹ̀rúnmu, mùsùlùmí sì ni ìyàwó rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti jọ gbé pẹ́ débi pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kì í dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín wọn mọ́. Ohun tó dá a sílẹ̀ lọ́dún yìí ni agbòòrùn.

Nígbà tí Nimotallahi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta pẹpẹsúùpù ẹja àrọ̀ àti sóbò tútù, onílẹ̀ sọ fún un pé òun kò ní gbà kí ó kan páànù sí ojú ilẹ̀ náà, kí ó má baà di ilé mọ́ òun lọ́wọ́. Yàrá kékeré kan tí wọ́n ti kọ́ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó fi ṣe ilé ìdáná, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan níwájú rẹ̀. Fún àwọn oníbàárà, ó ra agbòòrùn ńláńlá aláwọ̀ ewé mẹ́fà ní Gbági, irú èyí tí wọ́n máa ń gbé sáàárín tábìlì tí èèyàn mẹ́rin yóò sì jókòó sábẹ́ rẹ̀. Tòun ti ìdí rọ́bà ni wọ́n ń tà wọ́n, èyí tí wọ́n ń bu omi sí nínú kí ó lè wúwo. Kò pẹ́ tí oòrùn fi la àwọn rọ́bà náà, omi inú wọn sì ń jò díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tó fura. Nígbà tí wọ́n rí i, wọ́n kó yanrìn sí i, wọ́n sì tún gbé àpò yanrìn lé e lórí. Ó dà bíi pé ìyẹn tó.

Lára àwọn tó máa ń wá síbẹ̀ lójoojúmọ́ ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Oyèbánjí. Akọ̀wé ni ó ṣe fẹ̀yìn tì ní yunifásítì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó sì ń dá gbé nínú ilé tirẹ̀ lẹ́yìn títì. Yóò dé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ìwé ìròyìn lábíyá, yóò jókòó sí tábìlì tó sún mọ́ oko gbágùúdá, yóò sì béèrè sóbò tí kò ní ṣúgà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nimotallahi fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kì í pariwo, kì í sì í fi ìka fa obìnrin tó ń gbé oúnjẹ wá láṣọ.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹta, nígbà tí òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa, oòrùn yí wọ ìsàlẹ̀ agbòòrùn, ó ń ta sí Oyèbánjí lójú. Ó dìde, ó gbé àpò yanrìn kúrò lórí ìdí agbòòrùn, ó fà á sún mọ́ ara rẹ̀, ó sì jókòó padà. Kò rántí láti dá àpò náà padà. Bóyá wákàtí kan lẹ́yìn náà, atẹ́gùn dìde láti orí pápá. Kò kọ́kọ́ fẹ́ díẹ̀díẹ̀ kí ó tó le. Lẹ́ẹ̀kan náà ni ó dé. Agbòòrùn Oyèbánjí gbéra tòun ti ìdí rẹ̀, ó yí po lókè, ìdí tó kún fún yanrìn sì gbá a lápá òsì bí ó ṣe ń gbìyànjú láti dìde. Agbòòrùn náà fò kúrò nínú ọgbà, ó lọ balẹ̀ sáàárín ewé gbágùúdá. Oyèbánjí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di apá òsì mú, ó ń wò ó bíi pé ti ẹlòmíràn ni.

"Ó ti kán," ó sọ fún Nimotallahi nígbà tí obìnrin náà sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Mo gbọ́ ọ nígbà tó kán."

Ògúnlọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni. Ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi gbé bàbá náà lọ sí ọsibítù. Dókítà ya fọ́tò egungun apá náà, wọ́n tún egungun náà tò, wọ́n sì fi nǹkan funfun líle tí wọ́n ń pè ní pí-ó-pí de apá náà láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Wọ́n ní kí ó sùn síbẹ̀ mọ́jú.

Ọmọbìnrin rẹ̀, Ọmọ́ṣọlá, dé láti Ajíbọ́dè, níbi tí ó ń gbé nítorí iṣẹ́ tí ó ń ṣe ní yunifásítì. Ó kí bàbá rẹ̀, ó wo apá náà, ó wá yíjú sí tọkọtaya tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ni ibi tó ti ṣẹlẹ̀?"

"Èmi ni," Nimotallahi dáhùn. "Ẹ pẹ̀lẹ́. Ó dùn mí gan-an."

"Ṣé wọn kò so agbòòrùn yẹn mọ́ nǹkan kan ni?"

Ògúnlọlá ló dá a lóhùn. "Yanrìn wà ní ìdí rẹ̀, a sì gbé àpò yanrìn lé e. Bàbá ló gbé àpò náà kúrò tí wọ́n fi fà á."

Nimotallahi wo ọkọ rẹ̀. Oyèbánjí mi orí lórí ìrọ̀rí.

"Òótọ́ ni wọ́n sọ," ó ní. "Èmi ni mo fà á. Oòrùn ń ta sí mi lójú."

"Bàbá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún," Ọmọ́ṣọlá sọ fún Ògúnlọlá, ohùn rẹ̀ kò sì le rárá. "Tí wọ́n bá lè dá fa nǹkan yẹn kúrò ní àyè rẹ̀, ṣé atẹ́gùn kò ní lè gbé e ni?"

Nọ́ọ̀sì wọlé, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí aláìsàn sinmi.

Nínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń padà sílé, Ògúnlọlá ní òun kò sọ̀rọ̀ náà láti fi bú ẹnikẹ́ni, pé bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ náà ni òun sọ ọ́.

"Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ṣẹlẹ̀," Nimotallahi ní. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé nǹkan tó ṣeé fà síbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí wọn tí wọ́n ń fà á. Kì í ṣe Bàbá Oyèbánjí nìkan."

"Kí ni o fẹ́ ṣe báyìí? Kó wọn tà, kí a wá nǹkan mìíràn ṣe."

"Onílẹ̀ kò ní gbà kí n kan páànù. Tí n bá kó agbòòrùn kúrò, ta ni yóò jókòó sínú oòrùn láti jẹ pẹpẹsúùpù?"

"Kó wọn tà, mo wí."

Kò kó wọn tà. Ó ti ọgbà náà pa, ó sì lọ bá wẹ́dà kan tí ń jẹ́ Sàníù, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú díẹ̀ sí oríta. Àwọn méjèèjì jọ wo ilẹ̀ náà. Wọ́n fẹnu kò pé kí wọ́n gbẹ́ ihò jíjìn sí ibi tí agbòòrùn kọ̀ọ̀kan yóò wà, kí wọ́n ri páìpù irin tó nípọn mọ́ inú rẹ̀, kí wọ́n sì da kọnkéré yí i ká. Inú páìpù yìí ni òpó agbòòrùn yóò máa wọ̀, bóòtì gígùn kan yóò sì gba inú méjèèjì kọjá, kí òpó má baà gòkè, kí ó má sì yí. Nimotallahi fúnra rẹ̀ ló ń bu omi sí kọnkéré náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kí ó lè gan dáadáa. Nígbà tí Ògúnlọlá kọ́kọ́ rí àwọn ihò náà, ó béèrè bóyá òpó iná ni wọ́n fẹ́ rì síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀, ó sì bá wọn po kọnkéré.

Ní àárín gbogbo èyí, Nimotallahi máa ń lọ kí Oyèbánjí nílé. Yóò gbé ọbẹ̀ lọ, yóò bá a ṣí ìdérí ife, yóò sì bá a tú àwọn ojú ewé ìwé ìròyìn tí ọwọ́ kan kò lè tẹ́ dáadáa. Ojú ń ti ọkùnrin náà. Ó ń sọ ṣáá pé kí ó má ṣe ìyọnu mọ́. Tí Ọmọ́ṣọlá bá wà níbẹ̀, yóò kúnlẹ̀ kí Nimotallahi bó ṣe yẹ, yóò gbé àga fún un, yóò sì jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé títí àlejò náà yóò fi lọ.

Ọgbà ṣí padà. Ohun tí àwọn oníbàárà kọ́kọ́ rí ni pé agbòòrùn kò ṣeé fà mọ́. Ọkùnrin kan dì í mú, ó mì í, ó bẹ̀rẹ̀ wo ìdí rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀. Bí oòrùn ṣe ń yí, àwọn èèyàn ni ó ń gbé àga wọn tẹ̀lé òjìji. Nígbà tí ó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, gbogbo àga á ti sún jọ sí apá kan ọgbà, tábìlì á sì dá dúró ní apá kejì. Àwọn kan rẹ́rìn-ín sí i. Àwọn mìíràn ráhùn.

Lóṣù kẹrin, atẹ́gùn mìíràn dé pẹ̀lú òjò. Gbogbo àwọn tó wà níta sá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, agbòòrùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì wà ní ṣíṣí. Kọnkéré kò mì. Páìpù kò yẹ̀. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn wọ abẹ́ aṣọ àwọn agbòòrùn náà, nígbà tí kò sì rí wọn gbé lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn níbi tí wọ́n wà. Òpó kan tẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó forí kanlẹ̀. Òmíràn yí sódì, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé aṣọ rẹ̀ dúró sì ń já lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú àwọn irin náà fò kọjá lórí tábìlì, ó sì gún ilẹ̀kùn pákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Àjíkẹ́, obìnrin tó ń bá Nimotallahi se ẹja, ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn láti lọ gbé ìkòkò ni.

Nígbà tí òjò dá, Ògúnlọlá yí àwọn ìdí agbòòrùn ká, ó ń fi bàtà tì wọ́n. "Wò ó," ó ní, "ẹyọ kan kò yẹ̀. Iṣẹ́ tí Sàníù ṣe dára."

Nimotallahi dúró níwájú ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Irin náà ga tó iwájú orí rẹ̀. Ó di í mú, ó fà á, kò jáde. Ó ní láti fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn kí ó tó lè yọ ọ́.

"Iṣẹ́ náà dára lóòótọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí èyí wọ̀."

Sàníù tún àwọn agbòòrùn tó bàjẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni Nimotallahi ti fi òfin kan lélẹ̀. Tí ewé gbágùúdá inú oko bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí ẹ̀yìn rẹ̀ tó funfun sókè, tí àwọn ọ̀rá sì ń gbéra lójú títì, kí ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i pa agbòòrùn dé, kí ó sì fi bẹ́líìtì dè é yípo kí aṣọ rẹ̀ má baà rí àyè ṣí. Kí ẹnikẹ́ni má dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ òun. Kí wọ́n má sì béèrè lọ́wọ́ oníbàárà bóyá ó ti jẹun tán. Àjíkẹ́ béèrè pé tí oníbàárà bá bínú ńkọ́.

"Kí ó bínú," Nimotallahi ní. "Bu ẹja tuntun fún un nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀."

Ògúnlọlá kò tako òfin náà, títí ó fi di ọjọ́ Sátidé kan tí àwọn ará ọ́fíìsì rẹ̀ fẹ́ ṣe ìdágbére fún ọ̀gá wọn tó ń fẹ̀yìn tì. Fádèyí ni orúkọ ọ̀gá náà. Ògúnlọlá ló dábàá pé ọgbà ìyàwó òun ni kí wọ́n ti ṣe é, inú rẹ̀ sì dùn pé wọ́n gbà. Wọ́n kún gbogbo tábìlì. Àwọn obìnrin wọ gèlè, àwọn ọkùnrin dé fìlà, ẹnìkan gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá. Wọ́n jẹun, wọ́n mu, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun rere tí ọ̀gá náà ti ṣe. Nígbà tí ó tó àkókò tí Fádèyí fúnra rẹ̀ yóò sọ̀rọ̀, ó dìde, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ látọdún tí wọ́n gbà á síṣẹ́.

Níbi tí Nimotallahi dúró sí lẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rí i tí ewé gbágùúdá funfun láti òpin oko títí dé ẹ̀gbẹ́ ọgbà. Ojú ọ̀run mọ́ lókè orí wọn, ṣùgbọ́n ó dúdú lọ́nà Ẹ̀rúnmu. Ọ̀rá kan gbéra lójú títì, ó ga ju wáyà iná lọ.

Ó bọ́ sáàárín tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa agbòòrùn àkọ́kọ́ dé. Ògúnlọlá sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyá Tìmílẹ́hìn, jẹ́ kí ọ̀gá parí ọ̀rọ̀ wọn."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n parí rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀."

"Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wo? Kò gba ìdajì wọn."

"Kí àwọn yòókù wọ ọkọ̀ wọn fúngbà díẹ̀."

"Oòrùn ṣì ń ràn. Wo òkè."

Nimotallahi kò wòkè. Ó fa bẹ́líìtì mọ́ agbòòrùn àkọ́kọ́, ó bọ́ sí èkejì. Àjíkẹ́ ti wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tó jókòó. Oòrùn sọ̀kalẹ̀ sórí gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn obìnrin fi ìwé ètò ìdágbére bo gèlè wọn. Fádèyí dá ọ̀rọ̀ dúró, ó wo agbòòrùn tí wọ́n ń pa dé lórí rẹ̀, ó béèrè nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé ṣé wọ́n ń lé àwọn ni. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan dìde. Kò pẹ́ tí ìdajì wọn fi wà nínú ọkọ̀, àwọn kan sì ti wakọ̀ lọ. Fádèyí fi gbólóhùn méjì parí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ.

Atẹ́gùn náà kò dé. Ó fẹ́ díẹ̀ lórí pápá, ó gbé eruku, ó sì gba ọ̀nà Ẹ̀rúnmu lọ. Ẹ̀kán òjò kan kò bọ́ ní Adégbayì lọ́jọ́ náà. Títí tí àlejò tó kẹ́yìn fi lọ ni oòrùn ń ràn sórí àwọn àga rọ́bà tó ṣófo àti àwọn agbòòrùn tí wọ́n dè bí ẹrù.

Ògúnlọlá jókòó sí ọ̀kan nínú àwọn àga náà nígbà tí àwọn obìnrin ń kó àwo.

"O dójú tì mí," ó ní.

"Mo mọ̀."

"Níwájú ọ̀gá mi. Níwájú àwọn tí mò ń darí."

"Mo mọ̀, Bàbá Tìmílẹ́hìn. Ẹ má bínú."

"Atẹ́gùn kò sì dé."

"Kò dé lóòótọ́." Ó nu tábìlì náà tán kí ó tó tún sọ̀rọ̀. "Tí mo bá tún rí irú rẹ̀ lọ́la, màá tún pa wọ́n dé."

Ògúnlọlá kó àwọn ìgò tó wà níwájú rẹ̀ sínú kéréètì, ó gbé e wọlé. Fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ ìkíni nìkan ló ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ nílé. Nimotallahi se ẹja, ó gbé e lọ kí Fádèyí nílé rẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ nítorí pé òun kò jẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà gba ẹja. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ẹnikẹ́ni kò tíì pa agbòòrùn dé mọ́ òun lórí rí. Nimotallahi ní kí ó má bínú, kò sì ṣèlérí pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, Ògúnlọlá kò mú àwọn ará ọ́fíìsì wá sí ọgbà mọ́. Kò sì tún sọ fún ìyàwó rẹ̀ mọ́ pé kí ó dúró díẹ̀ ná.

Àwọn oníbàárà kan lọ, wọn kò sì padà. Wọ́n ní ibẹ̀ kò ní ìfọ̀kànbalẹ̀, pé èèyàn kò ní tíì mu sóbò débi kan tí wọn yóò fi pa agbòòrùn dé. Àwọn mìíràn ń wá.

Lóṣù kẹfà, wọ́n tú pí-ó-pí kúrò lápá Oyèbánjí. Kò nà tán bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè gbé ife. Ọmọ́ṣọlá ló fi ọkọ̀ gbé e wá sí ọgbà lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Kí ọmọbìnrin náà tó jókòó, ó di òpó agbòòrùn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó tì í, ó fà á, ó fi gbogbo ara tì í. Nimotallahi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ó fi ṣe tán.

"Ó dúró," Ọmọ́ṣọlá ní.

"Ó dúró. Síbẹ̀, tí atẹ́gùn bá ń bọ̀, a óò pa á dé. Mo ń tètè sọ fún yín ni."

"Bàbá ti sọ fún mi." Ó jókòó. "Ẹ jọ̀ọ́, pẹpẹsúùpù méjì, ma."

Wọn kò tíì jẹun dé ìdajì tí ewé gbágùúdá fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Àjíkẹ́ ló kọ́kọ́ rí i, ó sì jáde láti ilé ìdáná. Oyèbánjí ti rí i kí obìnrin náà tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ife rẹ̀, ó ki ìwé ìròyìn sábíyá, ó dìde. Ọmọ́ṣọlá gbé àwo méjèèjì tẹ̀lé e. Wọ́n rí àyè jókòó sí igun ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí àwọn mẹ́ta mìíràn ti wà, wọ́n sì ń bá oúnjẹ wọn lọ. Níta, Ògúnlọlá ń fa bẹ́líìtì mọ́ agbòòrùn tó kẹ́yìn.